Ẹ Pe Áńbúláǹsì Kí Ẹ Tó Da Obì

Mo júbà Olódùmarè, mo júbà àwọn àgbà, mo júbà Ọ̀ṣun. Mo júbà àwọn ìyá tó kúnlẹ̀ tí wọ́n sì dìde, mo júbà àwọn tó kúnlẹ̀ tí wọn kò dìde mọ́. Nítorí àwọn tí kò dìde mọ́ yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé, n kò sì ní fi epo àti iyọ̀ sí i kó lè dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Bí obìnrin bá bímọ tán, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tí kò dá, iṣẹ́ olórìṣà tó wà níbẹ̀ ni pé kó pe áńbúláǹsì. Kì í ṣe pé kó da obì ná. Kì í ṣe pé kó wá ẹyẹlé ná, tàbí kó bu omi odò sí i lórí ná. Olórìṣà tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ bi òrìṣà léèrè nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nílẹ̀, kò rí àṣẹ kankan gbà fún un nínú ìṣe Yorùbá, bó ti wù kí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ pọ̀ tó.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan. Ní Amẹ́ríkà níbí tí mo ń gbé, mo ń rí i pé àwọn ọmọ ilé wa tó ń bímọ sílé ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ń bímọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́, tó ní ìwé àṣẹ, tó sì gbé oògùn dání. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ni mò ń bá wí; Olódùmarè á máa sọ̀ wọ́n láyọ̀. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwọn bàbálórìṣà àti ìyálórìṣà tó ń sọ fún aboyún pé bó bá ti rúbọ, tó ti wẹ̀ lódò, tó sì ti pa gbogbo èèwọ̀ rẹ̀ mọ́, kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́ yàtọ̀ sí àwọn ará ilé. "Ara obìnrin mọ iṣẹ́ rẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Ara obìnrin mọ iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ó sì máa ń rẹ ara.

Ẹni tó fi ara rẹ̀ kọ́ èdè máa ń dúró lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn tó bá a nílé ti ń gbé kọjá. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Yorùbá, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè àti kásẹ́ẹ̀tì, láìsí olùkọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé "Ẹ kú ewu ọmọ," mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo ronú títí. Ní èdè tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, bí ènìyàn bá bímọ, a ó ní a bá a yọ̀, ó parí. Yorùbá kò kọ́kọ́ dárúkọ ayọ̀. Ewu ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn tó dá ìkíni yẹn sílẹ̀ mọ ibi tí obìnrin náà ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúrà tí a ń ṣe fún aboyún: ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ohùn méjì ni a ń tọrọ, ohùn ìyá ni a sì fi síwájú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé wa lókè òkun yìí, bí ọmọ bá ti ké báyìí, ìlù ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń ya fọ́tò, wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ta ni yóò ṣe àkọsẹ̀jayé. Kò sí ẹni tó tún ń tẹ́tí sí ohùn kejì.

Àwọn tó ń ta kò mí ní ìdáhùn kan tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀: "Àwọn ìyá ìyá wa ń bímọ sóko, wọ́n ń pọ̀n ọ́n wálé, kò sí ohun tó ṣe wọ́n." Ta ló sọ fún yín pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n? Ẹni tó délé ló ń rójú sọ ìtàn. Bí ikú ìkúnlẹ̀ kò bá sí láyé àwọn baba wa, kí ni ẹbọ aboyún wà fún? Kí ló dé tí wọ́n fi ní ètùtù ọ̀tọ̀ fún obìnrin tó bá kú toyúntoyún, tí wọn kì í kàn sin ín bí a ti ń sin ẹlòmíràn? Kò sí ẹni tó ń ṣe ètùtù fún ohun tí kì í ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà mọ ikú yìí dáadáa, wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì fi gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà bá a jà. Àwa tí ohun tó wà lọ́wọ́ wa ju tiwọn lọ, àwa ni a wá ń ká ọwọ́ gbera.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pàṣẹ nínú yàrá ìbímọ ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí oyún bá gbó tán, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo máa ń tó ìdajì lítà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ibi ọmọ bá já kúrò lára ilé ọmọ, àyè tó ti kúrò á di egbò gbàǹgbà tí ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń pa ẹnu àwọn iṣan wọ̀nyí dé ni ẹran ara ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Ó máa ń sún kì, á le bí ìkúùkù, á sì fún àwọn iṣan náà pa bí ẹni fún ọrùn àpò. Bí kò bá sún kì, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà ni. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, nǹkan bí méje ló jẹ́ pé ilé ọmọ tó rọ̀ ló fà á. Ti àwọn yòókù lè jẹ́ ojú ara tó fà ya, tàbí èérún ibi ọmọ tó ṣẹ́kù sínú, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dì.

Ìdí nìyí tí agbẹ̀bí fi ń fi ọwọ́ ra ikùn ìyá ọmọ, tó ń yẹ ibi ọmọ wò bóyá ó pé, tó ń ní kí ìyá tọ̀, tó ń gbé ọmọ sí i lọ́mú. Ìdí nìyí tó fi ń gún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin bí ọmọ bá ti jáde. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pe abẹ́rẹ́ yìí ní májèlé òyìnbó. Ohun tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń ṣe ni oxytocin, òun ni ọmọ ń pè jáde nígbà tó bá ń fa ọmú. Àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ kàn kọ́ bí a ṣe ń ṣe irú rẹ̀ ni.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń dà gidi, obìnrin tí ara rẹ̀ le koko láàárọ̀ lè kú láàárín wákàtí méjì. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé obìnrin bíi mílíọ̀nù 14 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí lọ́dọọdún, àwọn bí 70,000 sì ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ìbá má kú.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo olórìṣà kà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún 2023, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n pè ní E-MOTIVE. Ọsibítù 80 ni wọ́n ti ṣe é, ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà, obìnrin tó lé ní 200,000 ló sì bímọ níbẹ̀ lákòókò náà. Kì í ṣe idán ni wọ́n ṣe. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí sábẹ́ obìnrin tó bá bímọ tán, kí ẹ̀jẹ̀ tó dà lè rí ibi wà kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Bó bá ti kọjá ààlà, wọn kò ní dúró kí wọ́n lo ohun kan, kí wọ́n wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó wá òmíràn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n ń ra ikùn, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì, wọ́n ń fún un ní tranexamic acid tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n ń fa omi sí i lára, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn di ńlá, tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà kọjá lítà kan, tàbí tí wọ́n ní láti la ikùn wọn, tàbí tí wọ́n kú, dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nínú ìwádìí náà kì í ṣe èyí. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú lásán wo ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe látilẹ̀ wá, ìdajì péré ni wọ́n dá mọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dà jù. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí nìyẹn o, nínú yàrá tí iná mọ́lẹ̀ rokoṣo, àwọn tí iṣẹ́ wọn nìyẹn lójoojúmọ́. Ìwọ tí o tan àbẹ́là méje, tí aṣọ funfun àti yẹ́lò kún ilẹ̀, tí o kò rí ju ìbímọ mẹ́ta lọ láyé rẹ, ojú wo ni o fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?

Mo ti rí ibi tí ojú yẹn ń gbé ènìyàn dé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí lórí fóònù ní aago méjì òru. N kò ní dárúkọ ilé náà. Ọmọ ti jáde láti bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó pè kò ní kí n wá, kò sì ní kí n wá dókítà. Ó fẹ́ kí n sọ ohun tí wọn yóò fi bọ Ọ̀ṣun, nítorí obì tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀mẹta kò fọre. Mo ní, "Ìyá ọmọ ńkọ́?" Ó ní ó ń sùn. Mo ní kí wọ́n jí i. Ó ní kì í fẹ́ dáhùn, pé ara rẹ̀ tutù, ó sì ń làágùn. Mo bi í léèrè ẹ̀jẹ̀. Ó ní aṣọ ìnura mẹ́rin ti rin gbindin, ṣùgbọ́n Bàbá ní Ọ̀ṣun ló ń fọ̀ ọ́ mọ́. Mo ní kó pe 911 lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun á bi Bàbá ná. Èmi ni mo pè é láti ilé mi, mo sì fún wọn ní àdírẹ́sì.

Wọ́n bá a láàyè. Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fà sí i lára, wọ́n sì yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọmọ àkọ́bí rẹ̀ ni, òun náà sì ni àbígbẹ̀yìn. Bàbá náà ṣì ń sọ ìtàn yìí níbi ọdún òrìṣà bí ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pé Ọ̀ṣun gbọ́ tòun. Ẹni tó wa ọkọ̀ lóru kò sí nínú ìtàn náà. Àwọn mẹ́jọ tí wọ́n lọ jókòó, tí wọ́n na apá, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀, wọn kò sí níbẹ̀. Bí Ọ̀ṣun bá gbọ́ lóòótọ́, ọwọ́ ta ni ó fi ṣiṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí náà ńkọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń kọ́ ọmọ ilé pé ẹni tó ti ṣe orí kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, pé yóò ba àṣẹ tí wọ́n gbé lé e lórí jẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bèèrè pé kí wọ́n fi Odù tó wí bẹ́ẹ̀ hàn mí. Mo bi àwọn tó kọ́ ní Cuba, mo bi àwọn tó kọ́ ní Bahia, mo bi àwọn tó lọ tẹfá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnìkan kò tíì rí i mú wá. Mo mọ ibi tí èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ wà: ọ̀dọ̀ àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, láti 1945. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí òmíràn kí òrìṣà tó pè wá, a sì gbé ẹrù kan tàbí méjì tẹ̀lé wa wá láìmọ̀. Ẹ sọ èyí kalẹ̀. Ìtàn fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára pàápàá, orí ìkúnlẹ̀ ló ti gbérí: James Blundell, dókítà agbẹ̀bí ní Lọ́ńdọ̀nù, rí bí àwọn ìyá ọmọ ṣe ń kú mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì lépa rẹ̀ títí tó fi lè ròyìn ní 1829 pé obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, ó sì yè.

Àwọn onífá láàárín wa á ní, "Àyànmọ́ ò gbóògùn." Mo mọ bàbá kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju oúnjẹ lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú àpò agbádá rẹ̀, ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lálẹ́. Àyànmọ́ tirẹ̀ gbóògùn dáadáa. Orí ni a yàn, ṣùgbọ́n Ifá kan náà ló kọ́ wa pé orí kò lè dá lọ láìsí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí obìnrin náà kò lè gbé nílẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ìwọ ló yẹ kí o bá a gbé e.

Nípa ewé, n kì í ṣe ọ̀tá ewé. Mo ń já a, mo ń gún un, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn kan. Àwọn agbẹ̀bí ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ mọ olú dúdú kan tó máa ń hù lórí ọkà rye, ergot ni wọ́n ń pè é, wọ́n mọ̀ pé ó ń mú ilé ọmọ sún kì. Ní 1808, dókítà kan ní New York, John Stearns, kọ̀wé nípa rẹ̀, àwọn dókítà Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti mú ìrọbí yá. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sínú. Agbára wà nínú olú náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ èyí tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù. Ní 1935 ni wọ́n tó yọ ojúlówó ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pè é ní ergometrine, ó sì wà nínú àpò agbẹ̀bí títí di òní. Ẹ̀yin tó ní "àgbo ló dára ju abẹ́rẹ́ lọ," àgbo tí a wọ̀n, tí a dán wò, tí a sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó ni abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀ kì í gbà á. Ta ló wọn tìrẹ? Obìnrin tó ń dákú, ṣé ó lè gbé àgbo mì?

Mo tún fẹ́ sọ ti tranexamic acid, nítorí obìnrin ló wà nídìí rẹ̀. Utako Okamoto ni orúkọ rẹ̀, dókítà ará Jàpáánù. Òun àti ọkọ rẹ̀, Shosuke, ni wọ́n rí i ní 1962. Ikú àwọn ìyá ọmọ wà lọ́kàn rẹ̀, ó fẹ́ kí àwọn dókítà agbẹ̀bí dán an wò, wọn kò dá a lóhùn. Ó tó bí ọdún márùndínlọ́gọ́ta kí ìwádìí tó tóbi tó jáde, lọ́dún 2017: obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà wà nínú wọn, àwọn dókítà Ìbàdàn wà nínú iṣẹ́ náà. Oògùn náà dín ikú ẹ̀jẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fún àwọn tó tètè rí i gbà. Tètè ni ọ̀rọ̀ wà o. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá kọjá ń gé lára agbára rẹ̀. Bó bá kọjá wákàtí mẹ́ta, kò wúlò mọ́. Ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú obì yẹn sínú ìṣirò yìí. Màmá Okamoto kú ní 2016, kí èsì náà tó jáde.

Ẹ̀yin onífá mọ Ọ̀ṣẹ́ Túrá. Ẹ mọ àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi Ọ̀ṣun sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún ayé ṣe, àti bí gbogbo iṣẹ́ wọn ṣe dojú rú títí wọ́n fi lọ bẹ̀ ẹ́. A ń sọ ìtàn yìí níbi gbogbo ọdún Ọ̀ṣun, a ń ju orí sókè ju orí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin bíi tèmi, tí kò lóyún rí, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ, agbẹ̀bí á ní ẹ̀jẹ̀ yìí pọ̀, ó á ní kó ní sùúrù.

Mo ti pa ohun tó le jù mọ́ dé ìsinsìnyí, nítorí òun nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ọsibítù ń pa àwa ènìyàn dúdú. Wọn kò parọ́. Lọ́dún 2023 ní Amẹ́ríkà, nínú 100,000 ìbímọ, ìyá ọmọ aláwọ̀ dúdú tó kú jẹ́ 50.3, ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 14.5. Kira Johnson wọ ọsibítù ní Los Angeles ní 2016 láti bí ọmọkùnrin rẹ̀ kejì, ara rẹ̀ le. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ náà. Ọkọ rẹ̀, Charles, jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin ní 2018 pé òun rí ẹ̀jẹ̀, òun bẹ̀ wọ́n, òun tún bẹ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá kí wọ́n tó gbé ìyàwó òun padà sínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Inú rẹ̀ ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá kan bá sọ fún mi pé òun bẹ̀rù ọsibítù, n kì í bá a jiyàn. Ìbẹ̀rù rẹ̀ mọ́gbọ́n wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa Kira Johnson. Kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára. Ìdúró ló pa á. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀, wọn kò yára. Ìwọ wá ní nítorí pé wọn kò yára lọ́hùn-ún, ìwọ náà kò ní yára nílé. Ìdúró kan náà ni, aṣọ tó wọ̀ ló yàtọ̀. Ní California, nígbà tí àwọn ọsibítù gbà láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ dípò kí wọ́n máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n kó oògùn àti irinṣẹ́ sójú kan, tí wọ́n sì ń fi ṣeré dánrawò kí ọjọ́ náà tó dé, wọ́n wà lára ohun tó mú kí ikú àwọn ìyá ọmọ ní ìpínlẹ̀ náà dín kù ju ìdajì lọ láàárín 2006 àti 2013. Ẹni tó bẹ̀rù ọsibítù, ẹ fún un ní ẹlẹ́rìí tó lẹ́nu, tó máa dúró tì í, tó máa bèèrè léraléra pé "Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà, mélòó ni? Ta ló wọ̀n ọ́n?" Èyí ni iṣẹ́ tí mo rí fún ará ilé. Dídá obìnrin dúró sílé kí ẹ̀jẹ̀ dà tán lára rẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣẹ́gun ẹlẹ́yàmẹ̀yà kankan.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn, ni pé orúkọ Yorùbá ni wọ́n ń fi ṣe gbogbo èyí. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń lọ nílé? Ní 2009, Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò kan nígbà Gómìnà Mimiko, kí aboyún lè rí ìtọ́jú ọ̀fẹ́, kí ọkọ̀ sì lè gbé e dé ọsibítù. Àbíyè ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n pe àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn bí wọ́n bá mú aboyún wá. Ní Èkó, ìjọba ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ bí wọn yóò ṣe mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọjá agbára wọn. Nàìjíríà fọwọ́ sí misoprostol fún ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ní 2006, nítorí oníhóró ni, kò nílò fíríìjì bíi oxytocin, ó sì lè dé abúlé. Àwọn ìyá tó ń bọ Ọ̀ṣun nílé, tí wọ́n bí wọn sínú rẹ̀, ń wá bí oògùn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa tí ọsibítù wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé wa, àwa là ń sá fún un kí a lè jọ Yorùbá.

Àti pé irin ta ni abẹ́rẹ́? Irin ta ni ọkọ̀ tó ń fọn fèrè lóru? Ẹ̀yin tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún, tí ẹ ń da epo sórí irin, ẹ kò mọ̀ ọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yín.

N kò ní kẹ́nikẹ́ni má rúbọ. Oṣù mẹ́sàn-án wà fún ẹbọ. Ẹ bọ orí rẹ̀, ẹ gbé e lọ sódò, ẹ wúre fún un títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí áńbúláǹsì bá ti gbé e lọ, ẹ tún padà wá da obì, ẹ da igba. Ṣùgbọ́n ilé tí yóò gba aboyún lálejò ní láti ti dáhùn àwọn ìbéèrè kan kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sára ògiri. Irú ẹ̀jẹ̀ wo ló ní? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, àbí kò tó, ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Ta ni agbẹ̀bí, oògùn wo ló wà nínú àpò rẹ̀, ṣé ó wà ní tútù? Ta ni yóò pe 911, tí kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí àgbà kankan kò sì lè dá lẹ́kun? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń bá mi jà lé lórí jù, nítorí àgbà kì í fẹ́ kí ìyàwó ilé pàṣẹ lójú òun. Ìyàwó ilé ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Ní ilé tèmi, ẹnìkan yóò kúnlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó yàn láti bímọ sílé, mo gbà, torí pé kò sí àìsàn lára rẹ̀, agbẹ̀bí méjì tó ní ìwé àṣẹ ni yóò wà níbẹ̀, ọsibítù sì wà ní máìlì mẹ́ta. Agbẹ̀bí àgbà wá wo ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó yẹ yàrá wò, ó yẹ ìwẹ̀ wò, ó wá dúró lójú pẹpẹ Ọ̀ṣun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún un, ó sì ní ibùsùn tí àwọn áńbúláǹsì fi ń gbé aláìsàn kò lè gba ibẹ̀ kọjá. A ti gbé pẹpẹ náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn.